Bí a ṣe ń mọ ibi tí lámilámi onírù-kùmọ̀ ń gbé lódò

Kò sí ọmọ tó dàgbà nílé wa tí kò sáré tẹ̀lé lámilámi rí. Òjò á dá, omi á dúró sí ojú ilẹ̀, lámilámi á sì dé. Á fi ìdí kan omi, á gbéra, á tún kàn án, àwa náà á ní omi ló ń lá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé abo ni èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹyin ló ń yé. Ibi tó bá yé e sí ni ọmọ rẹ̀ yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, lábẹ́ omi, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.

Èyí tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kò sí lódò ilé wa. Odò ilẹ̀ Yúróòpù ló ń gbé, mo sì ń kọ fún àwa tí a wà ní Bìrìtéènì, tí odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wa láìjẹ́ pé a yà wò ó. Gomphus vulgatissimus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Linnaeus ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1758, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà sì ni "èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ". Ní Bìrìtéènì kò wọ́pọ̀. Ìwọ̀nba odò díẹ̀ ló ń gbé: Thames, Severn, Wye, Dee, Teme, Arun, àti àwọn mélòó kan ní Wales. Mo ń pè é ní onírù-kùmọ̀ nítorí pé ìrù rẹ̀ tín-ín-rín láàárín, ó wá wú ní ìparí bí orí kùmọ̀.

Ìdí tí a fi ń wá a rọrùn láti sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò jáde, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi irin àti kọ̀ǹkéré di etí odò, ẹni tó fẹ́ gbèjà kòkòrò yìí gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn pé ibẹ̀ ló ń bí sí, kì í ṣe pé ó kàn fò gba ibẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé.

Ẹ mọ ìgbésí ayé rẹ̀ kí ẹ tó jáde

Ẹyin á rì sí ìsàlẹ̀ odò. Ọmọ tó bá pa á wọnú ẹrẹ̀ lọ, á fi ẹrẹ̀ bora, á fi ìdí nìkan síta kí ó lè máa mí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà fún ọdún 3 sí 5, tí á máa mú àwọn kòkòrò kéékèèké jẹ. Nígbà tó bá di bí ìdajì oṣù karùn-ún, àwọn tó ti gbó láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde. Wọ́n á gun etí odò, ẹ̀yìn wọn á là, lámilámi tó ní ìyẹ́ á sì bọ́ síta kúrò nínú awọ àtijọ́, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Wọn kì í fi jíjáde yìí falẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó máa jáde lọ́dún náà ti jáde.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ló tẹ̀ lé e. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti gbẹ, kì í dúró lódò. Inú igbó ló ń gbà lọ, a sì ti rí àwọn kan níbi tó tó 10 kìlómítà sí odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń gbó, kí àwọn akọ tó padà sí odò ní oṣù kẹfà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí onírù-kùmọ̀ kan lórí ewé nínú igbó, inú yín á dùn, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ odò tó ti wá fún yín. Awọ tó bọ́ sílẹ̀ létí odò ló lè sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ náà fi rìn débẹ̀ láti inú omi, ibẹ̀ ló ti bọ́ ọ sílẹ̀. Awọ kì í fò. Ibi tí ẹ bá ti bá a, omi tó wà níwájú rẹ̀ ló tọ́ ọmọ náà dàgbà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó gbàgbé àwọ̀n, kó gbàgbé sísáré kiri. Awọ ni kó máa wá.

Yíyan ibi àti ìgbà

Ẹ gbé máàpù sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, kí oòrùn tó mú. Ẹ wo odò yín, kí ẹ wá ibi tó ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́. Níbi tí odò bá ti yí, omi á yára ní apá òde, á sì rọra ní apá inú, ibi tó ti rọra ló máa ń da ẹrẹ̀ àti iyanrìn kíkúnná sí. Ibẹ̀ ni ilé onírù-kùmọ̀. Bí igbó bá tún wà nítòsí, ó dára bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ pín etí odò sí 100 mítà, 100 mítà, kí ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ má ṣe mú kìkì ibi tó dára lójú yín, ẹ má sì mú kìkì ibi tí àwọn ènìyàn ti rí i tẹ́lẹ̀. Bí gbogbo wa bá ń padà sí ibi kan náà lọ́dọọdún, máàpù yóò kàn máa fi ibi tí àwa ń rìn sí hàn, kò ní fi ibi tí kòkòrò ń gbé hàn. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo ń kọ nọ́ńbà àwọn ìpín náà sórí bébà pélébé, mo ń ká wọn, mo sì ń ní kí ọmọ kan nínú ilé mú 5 láìwo ojú wọn. Ìpín 5 yẹn ni mo ń lọ, ì báà ṣe ibi tí èsìsì ti bo orúnkún. Bí àyè bá ṣẹ́kù, mo lè wá fi ibi tí ọkàn mi fẹ́ kún un.

Lórí odò Thames, ọ̀nà ẹsẹ̀ gbogboògbò ń bá odò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ kejì lè jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ kan ìlẹ̀kùn, ẹ tọrọ àyè. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá fún onílẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Mo ti rí onílẹ̀ tó kọ́kọ́ fajú ro, tó padà wá bá wa wá a ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ní ti ìgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún. Ọdún tí òtútù bá pẹ́, wọ́n lè falẹ̀ díẹ̀. Ẹ lọ sí ìpín kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀sẹ̀ kan sì wà láàárín ìlọ kan àti èkejì. Ẹ mú ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ní òru tó ṣáájú, nítorí òjò ńlá a máa gbá awọ lọ, bí omi bá sì kún, kò ní ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìgbì tí ọkọ̀ ojú omi ń dá sílẹ̀ náà ń gbá wọn lọ, ó tiẹ̀ ń pa àwọn tí wọ́n ń bọ́ awọ lọ́wọ́, torí wọn kì í gòkè púpọ̀ kúrò lójú omi. Fún ìdí yìí, kí ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

Ohun tí ẹ ó mú dání kò pọ̀: bàtà rọ́bà, ṣòkòtò gígùn, ike kéékèèké onídèérí, pẹ́ńsù àti ìwé, fóònù tó lè sọ ibi tí ẹ wà, àti awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ mú ẹnì kan dání. Etí odò kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dá lọ.

Wíwá a

Ẹ kúnlẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán yóò rin 100 mítà kọjá, yóò sì búra pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, tó rẹ ojú sílẹ̀ dé ìwọ̀n koríko, ni yóò rí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú omi gan-an, kí ẹ máa bọ̀ wá sókè. Ẹ wo ìdí ìfefe, ara èsìsì, gbòǹgbò igi tó yọ síta, àti ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí kò ní koríko rárá. Ọ̀pọ̀ lámilámi yòókù ló máa ń wá igi tó dúró ṣánṣán kó tó bọ́ awọ. Onírù-kùmọ̀ kò kọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo ti bá awọ rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ gbígbẹ, lórí òkúta, lórí okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀. Ẹ yẹ ògiri àti òpó afárá wò, kí ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ti wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́ wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí ẹ̀yìn sí odò, kí ẹ wá a lórí ilẹ̀ títí dé mítà mélòó kan, torí àwọn kan máa ń rìn jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó dúró.

Ẹ fi ọwọ́ yà koríko sọ́tọ̀, ẹ má ṣe fà á tu. Ó kéré tán, kí ẹ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí 100 mítà kan. Bí ẹ bá ṣe é tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò wá a.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ ó bá èyí tó ń jáde lọ́wọ́. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ̀yìn á là, àyà á yọ, orí á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á jáde rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀, á sinmi díẹ̀, á sì fa ìrù yọ. Ìyẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ ká jọ bí ewé tútù tí wọ́n rún, á wá máa na díẹ̀díẹ̀ títí á fi tẹ́jú, tí á sì máa dán bí ọ̀rá. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án ní àkókò yìí. Bí ìyẹ́ bá wọ́ kó tó gbẹ, kò lè fò mọ́ láé, pẹ́pẹ́yẹ tó bá kọjá ni yóò gbé e mì. Ẹ dúró dìgbà tó bá lọ, kí ẹ tó mú awọ rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe dá awọ rẹ̀ mọ̀

Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kò sì wúwo ju èépá iyán tó gbẹ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀ gbígbẹ, lọ́pọ̀ ìgbà ẹrẹ̀ gan-an ṣì lẹ̀ mọ́ irun tó wà lára rẹ̀. Ikùn rẹ̀ fẹjú, ó sì pẹlẹbẹ. Ní ẹ̀yìn tó là, ẹ ó rí fọ́nrán funfun bí òwú tó ń rọ̀ jáde. Láti inú ihò tó fi ń mí ni fọ́nrán náà ti bọ́.

Ẹ wá wo orí pẹ̀lú awò. Ìwo ló ń parí ẹjọ́. Ti lámilámi ńláńlá mìíràn tín-ín-rín bí irun, oríkèé rẹ̀ sì pọ̀. Ti onírù-kùmọ̀ kúrú, ó ki, oríkèé 4 péré ló ní: ẹ̀kẹta tóbi ju gbogbo wọn lọ, ẹ̀kẹrin sì kéré débi pé ẹ lè má rí i bí awò kò bá sí. Kò sí lámilámi mìíràn nínú ẹbí rẹ̀ tó ń bí ní Bìrìtéènì, nítorí náà bí ìwo bá ti rí bẹ́ẹ̀, òun ni.

Àwọn tó lè ṣi yín lọ́nà kò pọ̀. Awọ tó gùn gbọọrọ, tí ojú rẹ̀ sì tóbi, irú lámilámi ńlá mìíràn ló ni ín. Èyí tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, tó ní ewé 3 ní ìdí, lámilámi kékeré tí ń ká ìyẹ́ pọ̀ ló ni ín. Èyí tó ní ìrù gígùn 2 tàbí 3 bí okùn kì í ṣe lámilámi rárá. Ẹ ya àwòrán gbogbo èyí tí kò bá dá yín lójú.

Ní ti èyí tó ti ní ìyẹ́, ojú ni kí ẹ wò. Nínú lámilámi ńláńlá tó ń bí ní Bìrìtéènì, òun nìkan ni àlàfo gbòòrò wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó dúdú, ó ní àbàwọ́n ìyeyè, tí ìyeyè náà máa ń di bí ewé bó bá ṣe ń gbó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ àkọlé tirẹ̀, ẹ má ṣe kà á mọ́ awọ.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Orúkọ ẹni tó wá a, ohun tó rí, ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i: bí ọ̀kan bá yọ nínú mẹ́rin yìí, àkọsílẹ̀ náà kò wúlò. Fún ibi, ẹ lo nọ́ńbà máàpù Ordnance Survey, lẹ́tà 2 àti nọ́ńbà 6. Lẹ́tà SU ni ti agbègbè Goring lórí odò Thames, fún àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà 6 ń tọ́ka sí igun 100 mítà, ó sì bá bí a ṣe pín etí odò mu. Bí fóònù yín bá fún yín ní nọ́ńbà 8, 10 mítà nìyẹn, ó tún dára jù.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, báírò ni mo fi kọ ọ́ sára ike. Ìrì wọ inú àpò mi, ọ̀rọ̀ parẹ́. Mo délé pẹ̀lú awọ 23 láti ìpín mẹ́ta, mi ò sì lè sọ ìpín tí èyíkéyìí nínú wọn ti wá. Òwúrọ̀ mẹ́ta ṣòfò bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, bébà tí mo fi pẹ́ńsù kọ ń wọ inú ike pẹ̀lú awọ, nọ́ńbà kan náà sì ń wọ inú ìwé mi kí n tó ṣí ẹsẹ̀.

Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ lò pẹ̀lú. Awọ 10 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yàtọ̀ sí awọ 10 ní wákàtí mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró sórí ọ̀rọ̀ òdo díẹ̀, torí òun ni ó máa ń sú àwọn ènìyàn jù. Ẹni tó lọ tí kò rí nǹkan máa ń padà sílé láìkọ nǹkan kan. Lójú máàpù, ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé àti ibi tí a wá tí a kò rí nǹkan wá di ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni òdo kan ṣoṣo kò tó. Ẹ jẹ́ ká ní kòkòrò náà wà ní ibì kan lóòótọ́, àti pé nínú ìlọ 2, ìlọ 1 ni a máa ń rí awọ rẹ̀. Bí àwa mẹ́jọ bá wá ibi mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, tí oníkálukú lọ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin nínú wa á padà wálé lọ́wọ́ òfo. Bí a bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹni 2. Bí a bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku ẹni 1. Nítorí èyí ni mo ṣe ní kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí èyí náà ni ẹ kò ṣe gbọdọ̀ kọ "kò sí níbẹ̀". Ohun tí ẹ ó kọ ni "a wá a lẹ́ẹ̀mẹta, a kò rí i".

Ààbò, àti ibi tí iṣẹ́ yín ń lọ

Ìtọ̀ eku ń kó àrùn sínú omi odò. Ẹ fi nǹkan bo ojú ọgbẹ́, kí ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn bí ẹ bá délé. Koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní giant hogweed wà létí odò, omi ara rẹ̀ ń jó awọ ènìyàn nínú oòrùn. Ẹ yẹra fún un. Bí ẹ bá fẹ́ ti odò kan bọ́ sí òmíràn, ẹ fọ bàtà kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, nítorí àrùn tó ń pa edé odò ilẹ̀ yìí máa ń bá omi inú bàtà rìn.

Ẹgbẹ́ British Dragonfly Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ló ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Orí ìkànnì iRecord ni ẹ ó ti fi tiyín ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Ìwé máàpù ńlá lórí lámilámi Bìrìtéènì àti Ireland jáde ní 2014, àkọsílẹ̀ irú èyí tí ẹ ó ṣe yìí ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọwọ́ ẹni tí èyí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú awọ 1 tàbí 2 láti ìpín kọ̀ọ̀kan sínú páálí ìṣáná. Bí wọ́n bá ti gbẹ, ọdún pípẹ́ ni wọ́n máa wà láìbàjẹ́.

Àwọn ará ilé ti bi mí bóyá wọ́n lè ṣe é lódò Ọ̀ṣun tàbí odò Ògùn. Wọ́n lè ṣe é, kò sí lámilámi tí kì í bọ́ awọ. Ṣùgbọ́n nílé, ẹbí onírù-kùmọ̀ ní ju irú kan lọ, ìwo nìkan kò ní tó láti dá wọn mọ̀. Ẹ ní láti dúró ti èyí tó ń jáde, kí ẹ ya àwòrán òun àti awọ rẹ̀ pọ̀, kí a lè mọ èyí tó ni ín. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀: ní 2015, onímọ̀ lámilámi Dijkstra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ irú lámilámi Áfíríkà 60 tí kò tíì lórúkọ lórúkọ nínú àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo.

Ẹyin ará wa tó wà ní Reading, ní Oxford, ní Shrewsbury, ní Hereford, oṣù karùn-ún kì í pẹ́ dé. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ létí odò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọwọ́ yín kò ba awọ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òdo yín ránṣẹ́.